Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ti Ta Ẹsẹ̀ Ọmọ Rẹ̀ fún Barcelona láti Akébé

Ẹ̀gbọ́n mi,

Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin yín ti jẹ góòlù mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ní Akébé-Plaine, oníbàárà ò rójú ra aṣọ mọ́ ní ìsọ̀ yín ní ọjà Mont-Bouët, ní Gàbọ̀n níbí. Ìyá kan wá béèrè iye owó léèsì, ẹ fi fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ òsì ná. Onítakisí tó ń gbé yín wálé lálẹ́, ẹ ti ṣèlérí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gba owó ilé ní Barcelona. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàlá mà ni! Ó ṣì ń fajú ro tí wọ́n bá bu ẹran tó tóbi ju tirẹ̀ lọ fún àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá wò ó, kí n sọ ohun tí mo bá rí. Mo wá, mo wò. Gbangba ni mo ti ń sọ ọ́, nítorí gbangba lẹ ti ń polówó.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tí ẹ̀yin rí ná. Ẹ rí i pé ó ga, ó lè sáré, ó sì lágbára. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù, èjìká rẹ̀ lorí wọn dé. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù síwájú, òun á sá tọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó lè lé e bá, ó di góòlù. Mo sì bi ìyàwó yín léèrè oṣù tí ẹ bí i, ó ní Ṣẹẹrẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ni wọ́n fi ń ya ọmọ sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tí wọ́n bí ní Ṣẹẹrẹ àti ẹni tí wọ́n bí nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, ẹgbẹ́ ni wọ́n nínú ìwé. Lórí pápá, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odidi ọdún kan jẹ iyán ju èkejì lọ. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọjọ́ ìbí àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Kánádà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló kún inú àwọn ẹgbẹ́ tó dáńgájíá. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwa náà ní Yúróòpù. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ràn oṣù Ṣẹẹrẹ ju oṣù yòókù lọ. Ẹni tó ń yan ọmọ ló rí gíga, tó pè é ní ẹ̀bùn.

Iṣẹ́ aṣọ ló ń dà yín láàmú. Ànkárá tí ẹ bá wọn ní ọ̀pá mẹ́fà lónìí, ọ̀pá mẹ́fà náà ni yóò jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá òní, bí eku ò bá kàn án. Ọmọ kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Àwọn kúkúrú tó ń sá tẹ̀ lé e yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pé ọdún mẹ́rìndínlógún ná, ká tó mọ ẹni tó ga.

Ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà díwọ̀n ọmọ nínú béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi lu bọ́ọ̀lù, wù mí. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá rán láti lọ wo ọmọ, ohun márùn-ún ló ń wò: bí igi rẹ̀ ṣe ń ba bọ́ọ̀lù, bó ṣe ń lù ú jìnnà tó, eré sísá, bó ṣe ń gán bọ́ọ̀lù mú, àti agbára apá tó fi ń jù ú. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 20, ó parí sí 80. 50 ni ti agbábọ́ọ̀lù tó mọ níwọ̀n nínú líìgì ńlá wọn. Èyí tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé máàkì méjì ni wọ́n ń kọ: ọ̀kan fún ohun tí ọmọ ń ṣe lónìí, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n rò pé ó lè dé. Ọmọ lè gba 30 lónìí, kí wọ́n kọ 60 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Máàkì kan péré ni tiyín, 80 sì ni.

Gift Ngoepe, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù kan ní Randburg, Pittsburgh Pirates gbà á ní 2008. Ìgbà wo ló wọ líìgì ńlá, tó di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó débẹ̀? 2017. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Ẹ̀yin ò lè dúró di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Àwọn Amẹ́ríkà náà sì máa ń ṣì í o. Ní 1988, ipò 1,390 ni Mike Piazza wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n yàn, wọ́n sì yàn án nítorí pé bàbá rẹ̀ mọ Tommy Lasorda tó ń darí Dodgers. Ní 2016 wọ́n gbé e sáàárín àwọn akọni eré náà títí láé. (Mi ò bá má sọ èyí fún yín, nítorí mo mọ̀ pé lọ́la lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ ẹni.)

Ẹ ó ní béèsìbọ́ọ̀lù kì í ṣe tiwa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Gàbọ̀n. Aubameyang tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ yín, bàbá rẹ̀ Pierre Aubame ti jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì bá AC Milan wá ọmọ agbábọ́ọ̀lù kiri. Ọmọ wọ Milan ní 2007. Kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ àgbà wọn. Wọ́n yá a fún Dijon, wọ́n yá a fún Lille, wọ́n yá a fún Monaco, wọ́n yá a fún Saint-Étienne títí Saint-Étienne fi rà á. Ní 2015 ó di agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó peregedé jù lọ. Ní sáà 2016-17 ó jẹ góòlù 31 fún Dortmund, kò sẹ́ni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní Bundesliga lọ́dún náà. Milan lówó, Milan lójú, bàbá ọmọ ń bá wọn ṣiṣẹ́, síbẹ̀ wọn ò rí i. Ẹ̀yin ti rí tiyín parí láti orí àga oníke.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ yín kan ti ń sọ̀rọ̀ sí yín létí pé ìwé ìbí ṣeé tún ṣe, pé kí ẹ dín ọdún méjì kù. Ẹ rántí Shiva N'Zigou, agbábọ́ọ̀lù Gàbọ̀n. Nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2000, ó jẹ góòlù sáwọ̀n Gúúsù Áfíríkà, ìwé sì sọ pé ọmọ ọdún 16 ni, kò sẹ́ni tó kéré tó o rí nínú ìdíje náà. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Nantes. Ní 2018, òun fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé ọdún márùn-ún ni wọ́n dín kúrò nínú ọjọ́ orí òun. Láti 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà, ni FIFA sì ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò; bí egungun bá ti so pọ̀ tán, ìwé ò lè gbà yín. Ọmọ tó ga báyìí tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá tún dín ọdún rẹ̀ kù, ta lẹ rò pé ẹ ń tàn?

Mo wá dé orí ohun tí mo rí, tí ẹ̀yin ò rí nítorí góòlù lẹ ń kà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò dáa rárá. Bọ́ọ̀lù tó bá bà á níbẹ̀, ti ọ̀tá ni. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, á dúró, á fọwọ́ lé ìbàdí bí onílé tó ń wo ayálégbé. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn máa ń yíjú! Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti wo òsì, á ti wo ọ̀tún, á ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Geir Jordet, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Norway, ti ń ka iye ìgbà tí agbábọ́ọ̀lù ń yíjú bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ló sì máa ń yíjú jù. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọmọ yín rí ọmọ kékeré tó wà lápá ọ̀tún kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ó sì fi bọ́ọ̀lù lé e lẹ́sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pariwo mọ́ ọn láti etí pápá pé kó máa dá a gbá. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdí tó yẹ kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí gan-an lẹ ń nà lẹ́gba yẹn.

Máàkì mi rèé. Eré sísá: 50 lónìí, 50 lọ́la, nítorí àwọn yòókù ń bọ̀ wá bá a. Ẹsẹ̀ ọ̀tún: 20, ó sì lè di 45 bó bá ń fi gbá ògiri lójoojúmọ́. Ojú àti ọpọlọ: 40 lónìí, 65 lọ́la, bí ẹ bá lè pa ẹnu mọ́.

Ẹ sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kó yọ ọ́ kúrò níwájú, kó fi í sáàárín. Ẹ fi ìwé ìbí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jókòó sí òdìkejì pápá, níbi tí ohùn yín ò ní dé. Kí ẹ sì jọ̀wọ́ san owó ilé-ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ra bàtà bọ́ọ̀lù kẹta.

Àbúrò yín ni.