Òkúta Ti Wọ Rélùwéè Ṣáájú Wa

 

Ta ló ti rí òkúta rí ládùúgbò wa, ní Igbó-Elérin, Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Okokomaiko, èyí tí tipper kò gbé wá? Ẹ gbẹ́lẹ̀, iyanrìn. Ẹ tún gbẹ́ díẹ̀ sí i, omi. Bí èèyàn bá fẹ́ kọ́lé, iye tí onítipper bá pè fún òkúta ni òkè tó ga jù tí a ní láti gùn níhìn-ín.

Àwọn kan ní òkúta tiwọn o. Ní Haworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè kan wà, Penistone Hill. Wọ́n gbẹ́ òkúta ibẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Pápá ẹ̀bá ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé Emily Brontë ti ń rìn kó tó gbé ìwé rẹ̀, Wuthering Heights, jáde ní 1847. Ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń wọ bàálù lọ wo koríko! Tó bá ṣe ti koríko ni, ẹ wá wo gọ́tà wa.

Tiwa náà kò jìnnà, Abẹ́òkúta ni. Orí Òkè Olúmọ ga tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun, òun sì ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi ní 1830. Agbègbè ìlú yẹn la bí òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá sí, ibẹ̀ náà la bí Wọlé Ṣóyínká sí, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ti òkúta wá ńkọ́? Ní Àró, lẹ́bàá ìlú náà, làwọn òyìnbó ti fọ́ òkúta tí wọ́n fi rélùwéè kó wá sí Èkó, tí wọ́n dà á sójú òkun lẹ́nu ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi lè ríbi wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ gbọ́ ná: òkúta ti wọ rélùwéè dé Èkó, èmi àti ẹ̀yin ṣì wà nínú dánfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry! Rélùwéè Blue Line tí wọ́n ní yóò dé Okokomaiko, nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2023, Mile 2 ló fẹsẹ̀ tì sí.

Ẹ má bínú. Bí ìsinmi bá dé, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ébùúté Mẹ́ta. Ibùdókọ̀ tí ẹ ó ti sọ̀ l'Abẹ́òkúta, orúkọ Ṣóyínká ni wọ́n fi pè é. Ní Olúmọ, wọ́n ti ṣe lift fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọnú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iná wà.