Ẹ Bá Mi Pa Iná Yẹn

Ẹnu mi ló kó bá mi. Àwọn ọmọ Ìlarò tó wà lókè òkun fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà, wọ́n ní àwọn ń wá fótò ìlú lóru, kí iná máa tàn yanran bíi ti Marina l'Ékòó. Ẹni tó ní làákàyè ì bá rán wọn létí pé Marina ní ilé NECOM alájà 32, pé Ìbàdàn pàápàá ti ní Cocoa House alájà 26 láti 1965, àmọ́ níhìn-ín, ẹni tó bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, gbogbo àdúgbò ló ń kí i kú oríire. Èmi ò rán ẹnikẹ́ni létí nǹkan kan. Mo ní, "Iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn."

Irọ́ ni. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ niṣẹ́ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi fílàṣì ya aṣọ ẹbí. N kò ya òru rí, àfi tí òde bá pẹ́.

Orí dẹ́ẹ̀kì ilé Ìyá Aláfún ni mo gbà lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n orí òkè ló wà. Téèyàn bá dúró níbẹ̀, á rí òrùlé páànù lọ súà, á rí iná ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà Pápálańtó bọ̀, lọ́ọ̀ọ́kán á sì rí ìmọ́lẹ̀ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ìbèsè bí ẹni pé òṣùpá fẹ́ yọ. Orí dẹ́ẹ̀kì yìí kan náà ni Màmá ń sá láfún sí, lórí tapólì.

"Fótò, wo ẹsẹ̀ ẹ o."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo gbé fílàṣì lé orí kámẹ́rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Fílàṣì tí kì í ràn kọjá tábìlì ìyàwó ni mo ní kó lọ tànmọ́lẹ̀ sí odidi ìlú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wò ó: láfún Màmá funfun gbòò níwájú, ìlú dúdú kirikiri lẹ́yìn, eruku ọyẹ́ wá dúró róbótó-róbótó láàárín wọn bí ẹyin àparò. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Láfún. Mo dojú fílàṣì kọ òkè. Láfún náà ni, ó kàn ṣókùnkùn díẹ̀ ni. Fótò láfún 46 ni mo gbé relé lọ́jọ́ náà. Ká ní ẹgbẹ́ aláfún ló fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ni, mo ti lówó.

Mo lọ kàwé. Mo rí i pé ńṣe ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á fi ISO sí 100, wọ́n á sì la ojú ẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ra àkàrà jẹ lọ́nà, mo gòkè, mo ṣe bí ìwé ṣe wí. Ìlú jáde! Díẹ̀ ló kù kí n jó. Àfi iná ńlá kan tó wà lára ògiri ilé Alhaji tó kọjú sí wa, tó na apá tẹ́ẹ́rẹ́ láti etí àwòrán kan dé èkejì, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Alhaji wò mí títí. Nílùú tó sún mọ́ bọ́dà bíi tiwa, ẹni tó bá ní kó o paná ẹ lóru, ó ní ohun tó fẹ́ gbé kọjá.

"Ṣé ìrẹsì ni?"

"Fótò ni, Alhaji."

Ó paná náà, ṣùgbọ́n ìdí súwíìṣì ló dúró sí, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo sáré gòkè. Òkùnkùn ti bo ibi gbogbo, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì wọ inú láfún wómúwómú. Mo dúró sójú kan bí ère, mo tẹ kámẹ́rà. Iná Alhaji ò sí mọ́. Ilà wà níbẹ̀ pa! Gbogbo iná tó kù ló nawọ́, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì nà án sí. Mo tan fóònù mi sójú lẹ́ńsì. Epo àkàrà. Àtẹ̀ka mi ni, tí mo ti fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù lókè-nílẹ̀ nígbà tí mo ń gun àkàsọ̀. Béèyàn bá sì ti nu epo lókè-nílẹ̀, ọ̀tún àti òsì ni iná ń gbà nawọ́.

Mo ké sí Alhaji pé ó ti tán. N kò sọ ohun tó fà á fún un títí dòní. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá gbọ́ ọ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, orin ọdún yẹn ti balẹ̀ nìyẹn.

Màmá ò bínú. Ó wo ipa bàtà mi nínú láfún, ó ní, "Èyí á tó kóńgò méjì." Mo san án.

Kí epo má baà kan lẹ́ńsì mọ́, mo ra dígí fílítà, mo wé e mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ kẹta, àwòrán dán, àfi pé àmì róbótó aláwọ̀ ewé fò káàkiri sánmà lókè ìlú. Mo rò pé ẹwà ni, mo gbé e sí Facebook. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn ìyá ń kọjá lọ, ẹnì kan fi àdúrà ránṣẹ́. Èmi dáhùn pé, "Ìlarò tiwa, àràmàǹdà!"

Ọmọ Poli kan tó wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ló tú mi fó. Ó já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi í lélẹ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà, kó gba àárín gbùngbùn àwòrán. Iná tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ní ìkan, àmì ewé lókè lọ́wọ́ òsì ní ìkejì. Ó gbé ìgbálẹ̀ sórí iná mìíràn: bákan náà. Gbogbo àwọn ìyá yẹn ló ní iná tiẹ̀ nílẹ̀. Ó ní iná ń wọlé, ó ń ta padà látinú kámẹ́rà, ó ń kan dígí fílítà, ó sì ń tún wọlé ní ìdoríkodò.

"Ẹ yọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má sì dúró dòru mọ́."

Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí fílítà, kò sí àkàrà. Oòrùn ti wọ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú, sánmà dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Mo fún ojú lẹ́ńsì pọ̀ dé f/11, mo tẹ̀ ẹ́, mo ń kà á. Nígbà tí mo ka 14, iná ìlú lọ. Mo kígbe débi pé Alhaji yọjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, fótò náà ló dára jù: iná ò ráyè tàn jù, ìràwọ̀ kéékèèké yọ lára fìtílà kọ̀ọ̀kan, ìtànṣán 14 nítorí pé abẹ méje ló wà nínú lẹ́ńsì mi.

Mo fi í ránṣẹ́. Kàlẹ́ńdà dé. Èyí tó wà lójú Facebook ni wọ́n mú, wọ́n fi í sí oṣù Disẹ́ńbà, wọ́n rò pé iná Kérésìmesì ni.

Màmá gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri yàrá ìgbàlejò. Nígbà tí mo yà kí i, ó fi ìka tó funfun fún láfún tọ́ka sí àwọn àmì ewé náà níkọ̀ọ̀kan.

"Fótò, èwo ni iná tèmi níbẹ̀?"

Mo fi èyí tó tóbi jù hàn án.