Ohun Tó Ń Ké Nínú Báàgì

Eku ló bí gbogbo rẹ̀. Eku ilé wa ní Ìpájà, lọ́nà Ayọ̀bọ̀, ò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Wọ́n á jáde lọ́sàn-án gangan, wọ́n á wò mí, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ọjọ́ tí wọ́n jẹ etí agbádá tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ni mo lọ gba ọmọ ológbò funfun kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Abẹ́sàn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi gun àga tí èmi nìkan máa ń jókòó sí, kò sì sọ̀ mọ́. Ìyàwó mi bá sọ ọ́ ní Alága.

Eku kó ẹrù wọn. Ohun tí mi ò rò ni pé ológbò náà á máa jẹun. Ẹ̀bà àti panla là ń fún un. Ìdajì ló máa ń jẹ, ìyókù á sì wà nínú abọ́ di àárọ̀. Bí aáyán ṣe gbọ́ nìyẹn. Kí oṣù kejì tó pé, tí ẹ bá tan iná kíṣìnì lóru, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ló ń rìn.

Ká ní mo fọ abọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán níbẹ̀. Oògùn ni mo sáré lọ rà.

Mo kọ́kọ́ ra ẹfun aáyán lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ní Ìyànà Ìpájà. Mo fà á yí kíṣìnì ká bí ẹni ń fa ilà pápá bọ́ọ̀lù. Alága wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé ilà náà lórí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Nígbà tó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Ahọ́n ni kànrìnkàn ológbò, ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, inú rẹ̀ ló ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. A ní panla ni kò bá a lára mu.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgò kékeré kan ni mo gbé wálé. Ìyàwó mi bi mí bóyá mi ò gbọ́ pé láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò 100ml oògùn dichlorvos lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́, pé oògùn oko ni. Mo ní ẹni tó tà á fún mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí Alága ṣe máa ń wò mí, ó sì gba ìgò náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ̀ràn. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í họra, mo yẹ irun rẹ̀ wò, mo rí eégbọn. Mo lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ajá, mo rí oògùn tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn ẹran. Àwòrán ajá ló wà lára páálí rẹ̀. Ajá ńlá kan, kò sí ológbò kankan níbẹ̀. Mo rí i o! Mo bi ọmọ tó ń tajà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ajá ni, ológbò ni, ṣebí ẹranko náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu létí mi.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni mo kán an sí i lọ́rùn. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ òsì ń ta pọ́ún pọ́ún, bíi pé eṣinṣin ń bà á. Lẹ́yìn náà ni awọ èjìká rẹ̀ ń sáré fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀, kò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ gbé ìgò epo pupa dé. "Ẹ la ẹnu ẹ̀, májèlé ni!" Mo ti la ẹnu Alága tán kí ìyàwó mi, tó ti ń bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó pariwo pé kí n fi í sílẹ̀. Dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ fún un ní epo, a ò gbọ́dọ̀ fún un ní wàrà. Ká fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ oògùn náà kúrò lára rẹ̀, ká fi táwẹ́lì wé e, ká máa gbé e bọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá kíá. Ẹni tí kò bá tíì wẹ ológbò rí, kó wá wo apá mi.

A ò ní àgò ológbò. Báàgì Ghana-Must-Go la gbé e sí, mo fa síìpù rẹ̀ dé àárín, a sì wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ẹ mọ bí ológbò ṣe ń ké tí ara bá ń ni í: igbe ọmọ tuntun ni, kò yàtọ̀. Báàgì ń ké, báàgì ń jà lórí itan mi. Ìyá kan tó jókòó tì wá bi mí pé kí ni mo gbé. Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un: "Ọmọ wa ni, ara rẹ̀ ò yá."

"Ọmọ yín? Nínú Ghana-Must-Go?"

Kí n tó ṣàlàyé, ó ti nahùn síta: "Gbọ́mọgbọ́mọ o!" Kẹ̀kẹ́ dúró gbáà. Mi ò mọ ibi tí èrò yẹn ti jáde. Ẹnì kan ti di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, òmíràn ń bèèrè táyà. Ìyàwó mi ló fa síìpù. Alága yọ orí jáde, ó tutù rinrin, ó ń gbọ̀n, ó ń rùn bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ìgbà tí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àjẹ́ ni," ìdajì èrò sì sún sẹ́yìn. Awakọ̀ ní òun á gbé wa débẹ̀, àmọ́ owó èèyàn méjì lòun máa gbà lórí ohun tó wà nínú báàgì.

Abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan ni dókítà gún un, oorun ọjọ́ méjì ni Alága sì sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní permethrin ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú oògùn náà. Ẹ̀dọ̀ ajá lè tú u palẹ̀, ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè tú u palẹ̀ bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasítámọ́ọ̀lù, horo kan péré lè pa ológbò. Ẹfun tí mo fà sí kíṣìnì, ọmọ ìyá permethrin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kàfúrà inú wọ́dúróòbù, ká kó o dànù. Ó wá yí páálí tí ìyàwó mi mú dání padà, ó fìka tọ́ ìlà kan lẹ́yìn rẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó fún ológbò. Mo ní mi ò rí ìyẹn.

"Ajá iwájú ẹ̀ ńkọ́, ẹ rí i?"

A délé, mo ṣe bí dókítà ṣe wí. Abọ́ Alága kì í sùn sílẹ̀ mọ́. Tó bá ń jẹun, inú àwo omi la máa ń gbé abọ́ náà sí kí èèrà má lè wẹ̀ débẹ̀. Mo po símẹ́ǹtì, mo dí ihò ẹ̀gbẹ́ páìpù síǹkì. Oògùn aáyán inú síríńjì, bíntín bíntín ni mo ń tò ó sínú pàlàpálá ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò ò lè dé.

Gọ́ọ̀mù nìkan ni dókítà ò mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi ni mo dá a rò. Mo tẹ́ páálí rẹ̀ sábẹ́ àga, mo ní aáyán tó bá ń kọjá á lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Alága ń ro ó, kò sí ohun tó rí tí kò ní jókòó lé. Ọjọ́ tí onílé wá gba owó ilé ni Alága jáde lábẹ́ àga, ó ń wọ́ páálí nídìí, aáyán mẹ́ta ń jà lórí rẹ̀. Onílé pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀méje kó tó débi ilẹ̀kùn, kò sì padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá ìsàlẹ̀ tún gbé epo pupa dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló jàre: òróró ló ń tú gọ́ọ̀mù. A fi pa á nídìí, páálí tú, a tún wẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ní ológbò tí iwájú rẹ̀ funfun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí aáyán kan ṣoṣo, ní bálùwẹ̀. Mo wo Alága, Alága wò mí. Sálúbàtà ni mo fi pa á.