Ìrẹ̀ Abẹ́ Àwo Omi

Àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń sin alángbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Alángbá onírùngbọ̀n ilẹ̀ Ọsirélíà ni, inú àpótí gíláàsì ló ń gbé, iná mànàmáná ló sì ń yá. Ìrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrẹ̀ tí àwa ń gbẹ́ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí a ń fi iyọ̀ sun, owó ló fi ń rà á.

Alẹ́ tí mo dé, ó fi ìyẹ̀fun kálísíọ́mù pa mẹ́wàá lára bí ẹni pa àtíkè fọ́mọ tuntun, ó dà wọ́n sílẹ̀. Alángbá gbé mẹ́sàn-án mì. Ẹ̀kẹwàá ti wọ abẹ́ àwo omi, ó na ìwo rẹ̀ síta bí onígbèsè tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹsẹ̀ iwájú ni etí ìrẹ̀ wà. Ìrù méjì tó wà nídìí rẹ̀ kún fún irun wẹ́wẹ́ tó ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá mì. Kí alángbá tó yanu, ó ti gbọ́.

A paná, alángbá sùn. Ìrẹ̀ wá jáde, ó jẹ ẹ̀fọ́ alángbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíríkírí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde o! Ó lè bu alángbá jẹ lójú oorun!”

Oúnjẹ fẹ́ jẹ olóúnjẹ. Aago méjì òru, àgbà méjì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Alángbá la ojú kan, ó wò wá, ó tún un pa dé.