Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-ṣọ́wó-ná

Bí ẹ bá dé ilé kan ní Houston, tí oòrùn ń pa mọ́tò méjì níta, tí gáréèjì sì wà níbẹ̀ gbayawu, ilé Ọ̀gbẹ́ni Mò-ń-ṣọ́wó-ná lẹ dé yẹn. Mọ́tò ò ráyè wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọta ìbọn ló gbàyè. Òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ àṣà ká máa di ọta fúnra ẹni lọ sí pápá ìyìnbọn, ṣùgbọ́n àwọn tiwa tó ti pẹ́ ní Texas náà ti kó sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Owó ni mò ń ṣọ́."

Ẹ jẹ́ ká gbà fún un ná. Èèpo idẹ ọta ṣeé ṣà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá dún tán, kéèyàn tún un lò. Ohun tó kù ni práímà tuntun tí yóò ṣáná, ẹ̀tù, àti orí ọta. Páùnù ẹ̀tù kan jẹ́ 7,000 gírénì. Ọta ìbọn ìléwọ́ kan kì í sábà gbà ju gírénì mélòó kan lọ. Ìṣirò yìí ló fi ń pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ kékeré, èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe téèyàn bá fa ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́ tó fi ní ó ń falẹ̀ jù. Ó ra ńlá, tó ń pọ ọta odidi kan jáde ní gbogbo ìgbà tó bá fà á. Èèpo wá ní láti máa dán. Ó ra ẹ̀rọ tó ń fi ṣùkù àgbàdo lílọ̀ nu idẹ. Ṣùkù àgbàdo o! Ohun tí ìyá rẹ̀ ń dà sí ààtàn, dọ́là ló fi ń rà á. Ó ra òṣùwọ̀n oníná, ó ní ti tẹ́lẹ̀ ń parọ́. Nígbà tí práímà di ọ̀wọ́n ní 2020 sí 2021, ó rà á kúnlé, ó ní èrè lòun jẹ. Nítorí pé ọta ti "dínwó", ó wá ń yìn ún ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní ìwé tó fi ń kọ iye tí ọta kọ̀ọ̀kan ná an sílẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Mo bi í. Ó ní dúkìá lẹ̀rọ, kì í ṣe ìnáwó. Ilẹ̀ tó ní kí wọ́n bá òun rà ní Ìbàfò ńkọ́? Kò tíì san án tán.

Owó rẹ̀ ni, kó ná an. Àmọ́ ìwé ìlànà ni kò ṣí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù ń tẹ ìwé jáde, wọ́n kọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tẹ́nì kan ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ kéré débi pé tó bá bọ́ sínú èèpo lẹ́ẹ̀mejì, ó lè má kún jáde. Àfi kéèyàn yọjú wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dé e. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń wo bọ́ọ̀lù Arsenal bó ṣe ń fa ẹ̀rọ. Ìbọn tí ẹ̀tù àpọ̀jù bá mú bú gbàmù, kì í wo ojú ẹni tó ni ín nìkan. Ìwà ọ̀dájú ni, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Ọwọ́ tó fi ń ko òjé orí ọta, ìyẹn náà ló fi ń jẹ pọ́fù-pọ́fù, láìfọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan ní pápá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ rà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé kẹ̀, àbúrò? Gbé fóònù ẹ wá, kí n fi iye tí mò ń dà ránṣẹ́ sí ẹ. Ṣebí owó lo fẹ́ ṣọ́?"

Mo gbé àpótí mi, mo wá ibòmíràn dúró sí.