Man U, Ọmọ Gbàlùbáríkà

Man U o!
Ànjọ̀nnú Pupa tí í ba ọmọdé lẹ́rù, tí kì í ba ọlọ́jà lẹ́rù.
Ọmọ olówó gbọgbọrọ tí í gbé àpò wọjà, tí í gbé àpò náà bọ̀ nílé.
A-nájà-títí-ilẹ̀-ṣú, ọkọ ọjà alẹ́.
Láti orí bẹ́ǹṣì onípákó nílé ìwòran bọ́ọ̀lù wa ní Chikaji, mo júbà. Ǹ bá dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ibí dọ̀tí.

Kí ẹni tí kò gbọ́ Haúsá má bàa sọnù: ní ọjà Sabon Gari níbí, bí iye tí o dá kò bá tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn, kò ní bú ọ. "Albarka" ni yóò wí. Àlùbáríkà tiwa náà ni, àdúrà ni. Àmọ́ lẹ́nu ọlọ́jà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o máa bá tìrẹ lọ. Irú àdúrà tí ìwọ ti gbà ní Yúróòpù, ìyàwó ojú ọ̀nà kò gba tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lóṣù keje ọdún 2013, Ed Woodward, ọ̀gá tó ń bá ọ nájà nígbà náà, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ọsirélíà, ó wọ bàálù padà sílé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọjà kánjúkánjú ni. Àwa gbọ́n ẹ̀wù pupa wa, a ń retí Cesc Fàbregas. O dá iye kan, Barcelona ní albarka. O fi lé e, wọ́n tún àdúrà náà gbà.

Ó wá kan Marouane Fellaini, onírun fìlà mẹ́ta. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ní Everton là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá mú nǹkan bíi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 23.5 wá kí oṣù keje tó parí, kó máa mú un lọ. David Moyes, kóòṣì rẹ nígbà náà, ilé Everton yẹn gan-an ló ti kó ẹrù wá! O yínmú, oṣù keje kọjá. Lóṣù kẹjọ, o da Fellaini pọ̀ mọ́ Leighton Baines, o ní kí wọ́n gba 28 lórí àwọn méjèèjì, bí ẹni ń ra tòmátì tó ti rọ̀. Everton ní ìwọ̀sí ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ọjà, o san 27.5 lórí Fellaini nìkan.
A-kọ̀ọ́-lówùúrọ̀-rà-á-lọ́wọ̀ọ́n-lálẹ́, mo kí ọ.

Àwọn ìyá wa tó ń ra ata ní Sabon Gari kì í jẹ́ kí ojú wọn bá ọjà tí ọkàn wọn fẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò máa gbé wò, wọn yóò pòṣé, wọn yóò ṣe bí ẹni ń lọ. Ìwọ? Gbogbo ìgbà òjò ọdún 2022 lo fi ń pariwo Frenkie de Jong, ọmọ náà jókòó pa sí Barcelona. Brentford wá fi 4-0 là ọ́ lójú, o sáré dé Madrid, o ra Casemiro, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ní mílíọ̀nù 60, pẹ̀lú 10 míì tó lè tẹ̀lé e.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ: o ti jèrè rí. Ọjà tí o kò rí gbé délé ni. Lóṣù kẹrin ọdún 2005, o fi Mikel Obi wa han aráyé pẹ̀lú ẹ̀wù nọ́ńbà 21 lọ́wọ́. Chelsea já a gbà. Nígbà tí ìjà parí ní 2006, wọ́n san mílíọ̀nù 12 fún ọ, 4 fún Lyn Oslo, ẹgbẹ́ tó ti wá, lórí ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kan fún ọ.
Ọkọ àfẹ́sọ́nà tí wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, tó jókòó ka owó orí!

Ní January 2020, Haaland tí o ń lé kiri ti wọ Dortmund lọ. Ó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ilẹ̀ ń ṣú bí ìṣe rẹ, o yá Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, lọ́wọ́ Shanghai Shenhua. Láti kékeré ló ti ń wò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbà kí wọ́n gé owó rẹ̀, kò bá ọ nájà. Gòólù márùn-ún ló jẹ, a sì jó débi pé bẹ́ǹṣì kan kán. Àwa la san owó bẹ́ǹṣì náà.

Ó yá, epo ń tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ọjà mìíràn ń bọ̀, mo mọ̀ pé o ti gbé àpò kọ́ èjìká.
Man U, ọmọ Gbàlùbáríkà!
Bí wọ́n bá tún wí i fún ọ, má bínú.
Ṣe àmín.