Ẹ Má Ní Èmi Ni Mo Sọ Ọ́

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Gbogbo agboolé yìí ló mọ̀ pé n kì í ṣe òfófó. Ohun tí ojú mi bá rí nìkan ni ẹnu mi ń sọ, àfi èyí tí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá bá mi rí, nítorí ojú tiẹ̀ náà, ojú mi ni.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé òbí ni, ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lọ, kí ló fẹ́ fi ṣe? Òjò àkọ́rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjì ṣí páànù orí kíláàsì kẹrin, ó gbé e fò kọjá títì, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ bàbá kan. Bàbá náà kò dá a padà. Ó ní Ọlọ́run ló fi ta òun lọ́rẹ. Ó ti fi bo ilé adìẹ báyìí, ilé adìẹ náà sì dára ju ilé tí tíṣà wọn ń gbé lọ. Àkùkọ pupa kan wà níbẹ̀ tó máa ń wá da ògì mi nù láràárọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi tàkùkọ sílẹ̀ ná.

Ni wọ́n bá pe ìpàdé PTA. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi rán àwọn ọmọ sílé. Ní mọ́kànlá ààbọ̀, àwa obìnrin mẹ́fà àti ewúrẹ́ kan ló jókòó. Bàbá Télọ̀, alága wa, fi agbádá wọ́lẹ̀ dé ní méjìlá, ó ní kí a dárí ji òun, pé àwọn oníbàárà ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Àwọn oníbàárà wo? Aṣọ Iléyá èṣín tí mo kó fún un, kò tíì gé e.

Kafíńtà ti ka iye páànù, pákó àti ìṣó. Alága pín in, ó ní ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Háà! Bàbá kan tí a kò rí rí, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló rán an wá, fò dìde. Ó ní ṣé a ti gbàgbé ni, pé ọjọ́ tí wọ́n búra fún Mákindé gan-an gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Ọ̀yọ́ lọ́dún 2019 ló ti fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí nílé-ìwé ìjọba? Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́! Ìyá Oníbúrẹ́dì kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa pe gómìnà kó wá gun òrùlé."

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí mú mi rántí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n mú wọ ilé-ìwé ní January 1955, nígbà tí Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Apá ni tíṣà fi ń wọn ọmọ: ìwọ gba ọwọ́ ọ̀tún lórí kọjá, tó bá kan etí òsì, o ti tó. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò kàn. Bàbá wọn bá di ọwọ́ náà mú, ó ń fà á, tíṣà ń wò ó, ó ń fà á, títí ọmọ fi fi ẹkún kan etí. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé apá ọ̀tún àwọn gùn ju tòsì lọ. Àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn lé ní 800,000, kíláàsì kò gbà wọ́n, bàbá yẹn kan náà sì wà lára àwọn tó lọ po amọ̀ láti fi mọ òmíràn. Ó po amọ̀ fún ọ̀fẹ́, ẹ gbọ́ o.

Kí la ti ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, owó. Ìjà òrùlé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n gbà láti san án, nítorí PTA yìí náà ló ń san owó ọdẹ alẹ́ àti ti tíṣà méjì tí kò sí lórúkọ ìjọba. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí Akápò dìde, tó ní kí a ra ankara kan náà fún ọjọ́ ìparí ọdún. Wákàtí méjì! Àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn kan ní ó ń mú ènìyàn dúdú. Ìyá kan ní àwọ̀ elésè àlùkò, ẹnìkan ní ṣé òkú la fẹ́ lọ sin ni. Akápò fúnra rẹ̀ ló ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n kò wí nǹkan kan o.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já firísà funfun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Akápò. Ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Mo kàn bi Ìyá Oníbúrẹ́dì pé ṣé ó ṣàkíyèsí pé kíláàsì kẹrin kò tíì ní òrùlé. Ìbéèrè ni mo bi í! Kó tó di alẹ́, firísà ti di méjì. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní ó ti ra mọ́tò.

Wọ́n tún pe ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí ibẹ̀ ti kún dẹ́dẹ́, kò sí àyè fún ewúrẹ́. Akápò dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní firísà àbúrò òun ni, iná ni kò dára lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó mú rìsíìtì páànù jáde, ó mú ti pákó. Ó ní ìṣó àti owó iṣẹ́ kafíńtà ló kù, torí àwọn kan kò tíì san tiwọn. Ló bá ṣí ìwé náà, ìwé ogójì ojú-ewé tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ó fi ahọ́n lá ìka, ó ṣí ewé kan. Ó tún lá ìka. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Orúkọ ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ pè?

Ọmọ mẹ́ta, ₦7,500. Mo bojú wòkè, kò sí òrùlé tí mo lè máa wò, ìkùukùu ló wà níbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kì í kúkú ṣe pé mi ò sanwó rárá, mo ti san ti ankara pátá.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún mi. Ẹ̀yin ìyàwó, ìdí tí mo fi ní kí ẹ fa àpótí súnmọ́ mi nìyẹn. Ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yín?